Adelé Kì í Ṣe Ọba: Bí Mo Ṣe Fi Ẹnu Ṣiṣẹ́ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Ẹ̀yin ọmọ tó ń múra àtijáde, àwọn tíṣà yín ló ní kí n kọ èyí fún yín. Wọ́n kọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n lọ bá mẹkáníìkì kan. Wọ́n tún lọ bá ọkùnrin kan tó ṣiṣẹ́ ní báńkì, kí wọ́n tó rántí mi. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni mo ṣe. N kò bínú. Mo kàn kà á ni.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Bí ẹ bá rí ibi tí gbólóhùn mi ti wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe lọ́kàn yín, ẹ má pariwo. Ọdún méjìlélógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ àkéde. Èmi ni mo máa ń jókòó sínú ọkọ̀ tó ní ìwo méjì lórí, tí mo ń sọ fún àwọn ìyá yín pé àwọn elétò ìlera ń bọ̀ wá gún ọmọ wọn lábẹ́rẹ́, pé òkú bàbá lágbájá ń wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, pé ewúrẹ́ sọnù, pé kò ní sí iná títí di Ọjọ́rú. Wọ́n ń pè mí ní Ẹlẹ́nu-Ìwo. Àwọn kan fi ń yẹ́ mi sí, àwọn kan fi ń bú mi, gbogbo wọn ni mo ń dá lóhùn.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Bàbá mi fẹ́ kí n kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù abẹ́rẹ́ máa ń bà mí. Ẹ gbọ́ ná: ọmọkùnrin tó ti ń hu irùngbọ̀n, tó ń sá fún abẹ́rẹ́ aṣọ! Ni wọ́n bá mú mi lọ sí Ọ̀kà, lọ́dọ̀ Bàbá Lámídì. Òun nìkan ló ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́ nígbà náà. Iye tó ń san fún mi kò yẹ kí n dárúkọ rẹ̀ níwájú ọmọ tó ń wá iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fò ó.

Bàbá Lámídì kúrú, ó gbẹ, ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín àfi tí ẹnu rẹ̀ bá ti rẹ́rìn-ín tán. Bàbá tirẹ̀ ló ń fi agogo kéde fún ìlú kí bátìrì tó dé. Odidi ọdún méjì ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan máìkì. Mo ń gbé bátìrì, mo ń nu eruku ojú ìwo, mo ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹrù. Tí mo bá ní, "Bàbá, ìgbà wo ni n ó sọ̀rọ̀?" á ní, "Ìgbà tí o bá mọ bí a ṣe ń dákẹ́."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àpáta ló yí wa ká níbí. Tí o bá kéde ní Ọ̀kà, òkè á gbà á lẹ́nu rẹ, á tún un sọ. Bàbá Lámídì ní, "Àṣìsọ tí o bá sọ ní Àkókó, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìlú á gbọ́ ọ." Nítorí náà, kò sí ìkéde tó máa gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láì tú u wò. Ó fẹ́ mọ ohun tí nǹkan ń jẹ́ gan-an, kì í ṣe ohun tí ìbínú ní kí o pè é. Mo rántí obìnrin kan tó sáré wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, gèlè lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ bá mi kéde o! Wọ́n ti jí ewúrẹ́ mi gbé!"

"Ta ló jí i?"

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé ọ̀dọ̀ yín ni ǹ bá wá?"

"O rí i tí wọ́n ń mú un lọ?"

"N ò rí i. Mo so ó mọ́gi, mo jí, n ò bá a mọ́."

"Okùn ńkọ́?"

"Okùn wà níbẹ̀. Ó já."

"Ó sọnù nìyẹn."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé ẹ ti ń gbè sẹ́yìn olè ni?"

"Ìyá, fara balẹ̀. Tí mo bá ní wọ́n jí i, ìwọ náà mọ ilé tí wọ́n á kọ́kọ́ wọ̀ láti wá a. Tí mo bá ní ó sọnù, gbogbo ilé ni wọ́n á bá ọ wá a dé. Èwo lo fẹ́? Ewúrẹ́ ni àbí ìjà?"

Obìnrin náà wé gèlè rẹ̀ padà. Ó ní ewúrẹ́ ni. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti rí ewúrẹ́ náà nínú oko ẹ̀gẹ́, ó ti yó, kò tilẹ̀ fẹ́ bá ẹnikẹ́ni lọ.

Bí mo ṣe ń kọ́ ọ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí wọ́n fura sí kì í ṣe olè. Ẹni tó farapa kì í ṣe òkú. Ẹni tí ọlọ́pàá ránṣẹ́ pè kì í ṣe ẹni tí wọ́n mú. Ó tún wá le sí i nítorí pé àwọn ìlú Àkókó wa yìí kò sọ èdè kan náà. Ẹ rìn díẹ̀ kúrò ní Ọ̀kà, Yorùbá ilé ìwé á di àlejò. Bàbá Lámídì á dá ọkọ̀ dúró lẹ́nu ìlú, á sọ̀ kalẹ̀, á bá àgbàlagbà àkọ́kọ́ tó bá rí jókòó lórí òkúta. "Kí lẹ̀ ń pe nǹkan báyìí níbí?" Wákàtí kan lè lọ bẹ́ẹ̀. Èmi á máa ráhùn. Á ní, "Ẹni tó ni nǹkan ló ni orúkọ rẹ̀. Àlejò ni ìwọ àti ìwo rẹ."

Lọ́dún kẹta, ó gbé máìkì fún mi, ẹ sì wo ohun tí mo fi ṣe.

Àwọn obìnrin ọjà Ọ̀kà ní kí a bá àwọn kéde pé wọ́n sún ọjà síwájú lọ́jọ́ kan, nítorí ìsìnkú ìjòyè àgbà kan. Ibà ti dá Bàbá Lámídì dùbúlẹ̀. Ó ní kí n máa lọ. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọdún. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo gbé máìkì sẹ́nu, ni "wọ́n sún ọjà síwájú" bá rọ̀ lẹ́nu mi bí ẹ̀kọ àná. Kò ní agbára nínú. Mo bá ké e báyìí pé, "Ẹ fetí sílẹ̀! Wọ́n ti ti ọjà Ọ̀kà o! Wọ́n ti ti ọjà pa!" Òkè gbà á, ó tún un sọ. Mo gbọ́ ohùn ara mi, mo ní, háà, ọkùnrin ni mí.

Ọ̀rọ̀ náà dé ìlú Àjọwá kí n tó délé. Àwọn awakọ̀ tó yẹ kó wá kó tòmátì gbọ́ pé wọ́n ti ti ọjà pa. Àwọn kan ní ìjọba ló tì í, àwọn kan ní àrùn ló dé. Wọ́n yí orí ọkọ̀ padà. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, tòmátì kún ilẹ̀ rẹpẹtẹ, kò sí ẹni tó máa kó o. Oòrùn kì í bá tòmátì ṣeré. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn obìnrin tò wá sẹ́nu ọ̀nà Bàbá Lámídì, agbọ̀n lórí, wọ́n da tòmátì jíjẹrà sílẹ̀, omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sábẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹ gba ọjà yín!" ni olórí wọn wí. "Ẹ̀yin lẹ tì í. Ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́."

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo wà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí Bàbá Lámídì, pẹ̀lú ibà lára, dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú omi tòmátì fún àwọn obìnrin tó lè bí. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní kí n jáde.

"Kí ni wọ́n ní kí o sọ?"

"Wọ́n ní wọ́n sún ọjà síwájú, Bàbá."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní wọ́n tì í."

"Kí ló dé?"

N ò rí irọ́ kankan mú. "Ó dùn ju èkejì lọ, Bàbá."

Ó ní, "Àkéde tó bá ti ń gbádùn ohùn ara rẹ̀, etí rẹ̀ ti di nìyẹn." Kò lù mí. Ìbá sàn kó lù mí. Ó gbé agogo bàbá rẹ̀ fún mi, ó ní kí n fi ẹsẹ̀ rìn dé gbogbo àdúgbò, kí n máa lu agogo, kí n máa wí pé, "Wọn kò ti ọjà. Èmi ni mo ṣì í sọ." Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rìn ín. Àwọn ajá Ọ̀kà mọ̀ mí dójú àmì.

Ẹ̀rọ wa yí padà lẹ́yìn náà, n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Kásẹ́ẹ̀tì dé, mo ń gba ohùn mi sílẹ̀, mo ń jẹ ẹ̀pà nínú ọkọ̀ bí kásẹ́ẹ̀tì ti ń bá mi ṣiṣẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, káàdì kékeré bí èékánná dé. Bàbá Lámídì kú, ó fi ìwo méjèèjì sílẹ̀ fún mi. Mo kó wọn padà sí Ìkàrẹ́, mo di ọ̀gá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí òkú gidi kan ní ìlú yìí tí kò gba ẹnu mi kọjá.

Ni fóònù bá dé, tó ń gbé fídíò. Ni Ṣadé náà bá dé.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni Ṣadé. Èmi ni mo ń gbé e jókòó sẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ ìkéde nígbà tó wà ní kékeré. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Bàbá Ìwo. Ó kàwé jáde ní yunifásítì, kò rí iṣẹ́, ó bá ṣí ìkànnì ìròyìn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun àti fóònù kan àti igi gígùn kan tó ń fi gbé e sókè. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ni yóò fetí sí ẹni tí kò ní ìwo? Kò tó ọdún méjì, àwọn ará Ìkàrẹ́ tó wà lókè òkun ń dìde lórí ibùsùn wọn láti gbọ́ ohun tí Ṣadé wí.

Mo lọ sí ilé olókùú kan, mo ti nu ìwo, mo ti ra epo. Ọmọ olókùú gbá mi mọ́ra, ó ní, "Bàbá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ṣadé ti gbé e sórí ìkànnì. Ẹ jókòó, ẹ jẹun." Mo jókòó. Mo jẹun.

Ní ilé, mo máa ń lọ jókòó sínú ọkọ̀ náà lójúde, láì sí epo nínú rẹ̀. Ìyàwó mi, Rábí, yọjú láti ojú fèrèsé.

"Ẹlẹ́nu-Ìwo, owú ń jẹ ọ́ o."

"Owú? Sí ọmọ àbúrò mi?"

"Níbo lò ń lọ nígbà náà?"

"Mò ń sinmi."

"Nínú oòrùn?"

Owú náà ni, mo gbà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà, àbí bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Mo lọ ra fóònù ní bòókẹ́lẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan ni n kò fi lè tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá ṣì í tẹ̀, àwòrán mi pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì á jáde fáráyé. Lẹ́yìn náà mo fi orúkọ mìíràn wọlé, Ọ̀rẹ́ Òtítọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé Ṣadé lẹ́yìn bí ẹni tó ń tọpa olè. Mo ra ìwé pélébé kan, mo ń kọ àṣìṣe rẹ̀ sínú rẹ̀.

Ó gbé fídíò ìkún omi ọdún tó kọjá, ó pè é ní láìfù, pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi ń pe ìyá wọn lórí fóònù, wọ́n ń sunkún. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnìkan fún un ní ìpolówó àgbo ìtọ̀ ṣúgà, ó gbé e jáde bí ìròyìn. Rábí tilẹ̀ ti ń wá owó tó máa fi rà á. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọlọ́pàá ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan pé kó wá sọ ohun tó mọ̀. Ṣadé kọ ọ́ pé ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ìyàwó ọkùnrin náà kò lè lọ sọ́jà. Ìyẹn náà, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo tún fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé mo fi ìwé náà hàn án? N kò fi hàn án. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fi ọ̀rọ̀ náà kàn án lára, nígbà tó wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú.

"Ṣadé, fídíò ìkún omi yẹn, ṣé láìfù ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Ìwo! Ẹ ti ní fóònù nìyẹn?"

"Wọ́n fi hàn mí ni."

"Ẹ gbọ́, tí mo bá kọ ọ́ pé fídíò àtijọ́ ni, ta ló máa tẹ̀ ẹ́? Láìfù ni wọ́n ń tẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó lágbára ni ẹ̀yin náà ń lò nígbà yín, àbí?"

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń bọ̀. Èmi náà ti gbé ibẹ̀ rí, mo ti sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Ó yẹ kí n pe ọmọ náà jókòó, kí n sọ ọ̀rọ̀ tòmátì fún un. Mo ní, "Jẹun, kó má tutù." Mo ń retí ọjọ́ tí yóò ṣubú, n kò sì fẹ́ kí ọjọ́ náà pẹ́.

Ọjọ́ náà dé. Ọba ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ọ̀kà ti wàjà. N kò ní dárúkọ ìlú náà, wọ́n ti sinmi. Àwa tí a jẹ́ ará ibí mọ bí ó ṣe máa ń rí: a máa ń fi ọmọbìnrin ọba tó wàjà ṣe adelé títí ìdílé tí oyè kàn yóò fi fa ẹni tirẹ̀ kalẹ̀. Adelé á dé fìlà, á wọ agbádá bí ọkùnrin, ìlẹ̀kẹ̀ á wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn àgbà á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní Kábíyèsí. Gbogbo ohun tí ojú rí, ti ọba ni. Ohun tí ojú kò rí ni pé àga ẹlòmíràn ló ń bá a tọ́jú.

Ṣadé lọ síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ó gbé e jáde: "Ó ti ṣẹlẹ̀! Obìnrin àkọ́kọ́ jọba! Ó gorí àpèrè bàbá rẹ̀!" Àwòrán adelé wà lábẹ́ rẹ̀, fìlà lórí, ojú rẹ̀ le bí ti ẹni tí bàtà ń há.

Mo rí i bó ṣe ń jáde. Gorí àpèrè bàbá rẹ̀! Ìdílé kejì ló kàn, wọ́n ti ń dúró láti ìgbà tí bàbá wọn àgbà ti wà láyé. Ẹni tó bá ka èyí nínú wọn, ohun tó máa gbọ́ ni pé wọ́n ti fi ipò wọn fún ẹlòmíràn. Bí Ṣadé kò bá tún un ṣe kíákíá, ìlú yẹn á dàrú, kò sì ní sí ààfin tí yóò tún jẹ́ kó wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ á parí.

Nọ́ńbà rẹ̀ wà níwájú mi, àtàńpàkò mi ti wà lórí rẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo ní kí Rábí gbé iyán wá.

Mo jẹ iyán náà. Mo fọwọ́. Mo tún wo fóònù. Àwọn ará òkè òkun ń kí obìnrin kú oríire, wọ́n ń ní ó tó gẹ́ẹ́ kí obìnrin jọba, wọ́n ń ṣíà á, wọ́n ń pín in kiri. Nígbà tiwa, àpáta kì í tún ọ̀rọ̀ sọ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ. Èyí kò mọ iye ìgbà tó ń tún ara rẹ̀ sọ, ẹni tó sì ń gbọ́ ọ lọ́nà jíjìn kò ní àgbàlagbà kankan lórí òkúta tó lè bi léèrè. Mo rí gbogbo ìyẹn kedere. Mo tún sùn díẹ̀.

Ní aago mẹ́ta, ọ̀kadà kan já Ṣadé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ti sunkún débi pé ojú rẹ̀ wú.

"Bàbá Ìwo, ẹ gbà mí! Àwọn ọ̀dọ́ ìdílé kejì ti gbé igi dí ẹnu ọ̀nà ààfin. Ìjòyè àgbà pè mí. Ó ní kí n wá kí oòrùn tó wọ̀, bí n kò bá wá, àwọn á fi tó gbogbo ọba àgbègbè yìí létí pé kí wọ́n má jẹ́ kí n wọ ìlú wọn mọ́. Ẹ bá mi lọ. Ẹ̀yin ni wọ́n mọ̀."

Ẹ̀yin ni wọ́n mọ̀! Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn mọ́ mi nínú wàhálà ọmọ ọlọ́mọ. A ra epo nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a gbé ọkọ̀ ìkéde. Ẹ̀rù ń bà mí. Ní ojú ọ̀nà, mo ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn pé tí wọ́n bá ju òkúta, ọ̀dọ̀ Ṣadé ni fèrèsé tó ṣí wà.

Wọn kò ju òkúta. Wọ́n rí ìwo méjèèjì, ẹnìkan ní, "Ẹlẹ́nu-Ìwo nìyẹn," wọ́n sì yẹ̀ fún wa kọjá lẹ́bàá igi náà. Ìjòyè àgbà jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Adelé dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Ìjòyè wí, "ta ló jọba?"

Ṣadé ti wà lórí eékún. "Kò sí ẹni tó jọba, bàbá."

"Kí wá lo kọ?"

Adelé ló gba ọ̀rọ̀ náà. Tíṣà ni, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. "Ọmọ mi, mò ń ka ọjọ́ tí n ó bọ́ fìlà yìí sílẹ̀ kí n padà sí kíláàsì mi. Àwọn ọmọ mi ní ìdánwò. Ìwọ bá fi mí jọba lójú àwọn tó ni oyè. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi nílé bàbá mi ni?"

"Ẹ dárí jì mí, Kábíyèsí. Mo mọ̀ pé adelé ni yín." Ṣadé gbé ojú sókè. "Mo rò pé tí mo bá kọ adelé, kò sí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́."

Òótọ́ náà burú, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Mo wo ọmọ náà, mo rí i pé kò sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kankan.

"N ó pa á rẹ́ báyìí," ló ní, ó ń fa fóònù yọ.

Ẹnu mi ṣí kí n tó mọ̀. "Pípa rẹ́ kò tó, Ṣadé. Tí o bá pa á rẹ́, èyí tó wà lọ́wọ́ wọn á máa rìn lọ, kò sì ní sí èyí tó máa lé e bá. Ibi tí o ti kéde rẹ̀ ni kí o ti kéde rẹ̀ padà. Pe àṣìṣe náà ní àṣìṣe. Má pè é ní àfikún ìròyìn."

Ìjòyè gbà bẹ́ẹ̀. Ṣadé bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, níwájú igi tí wọ́n fi dí i. Láìfù gidi ni lọ́tẹ̀ yìí. Adelé dúró tì í. Ohùn Ṣadé gbọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gbọ̀n. "Láàárọ̀ yìí mo kọ ọ́ pé obìnrin kan jọba níbí. Irọ́ ni mo kọ. Ọba kọ́, adelé ni. Ó ń bá ìlú jókòó títí ìdílé tí oyè kàn yóò fi mú ẹni tirẹ̀ wá. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó tọ́, mo fi í sílẹ̀ mú èyí tó dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣíà tàárọ̀, kó ṣíà èyí."

Àwọn ọ̀dọ́ náà dúró tì wá ní ìsọdá igi, síbẹ̀ orí fóònù ni wọ́n ti ń wò ó. Ayé rèé. Nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ ìdílé tí oyè kàn, ọ̀kan nínú wọn kígbe, "Ó ti sọ ọ́!" Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé igi kúrò. Èmi náà yọjú wo fóònù rẹ̀. Iye èèyàn tó ń wò ó lọ́wọ́, ìwo mi kò bá irú wọn sọ̀rọ̀ rí ní ọdún méjìlélógójì. Níwájú ààfin, níbi tí a ti ń bẹ̀bẹ̀, ọkàn mi tún gún mi.

Ìjòyè ní kí Ṣadé máa bọ̀ nígbàkígbà. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. "Ẹlẹ́nu-Ìwo, o ṣeun tó o tètè mú un wá."

Tètè.

Nígbà tí a ń padà sí Ìkàrẹ́, Ṣadé kò dákẹ́ ọpẹ́. Ó ní Ọlọ́run ló ní kí n wà nílé. Ó ní ká ní ẹnìkan ti pe òun kí ó tó tàn, òun ì bá ti tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá Ìwo? Ìgbà wo lẹ rí i?"

Mo lè ní nígbà tó dé ni. Kò sí ẹni tó máa mọ̀.

"Aago mẹ́wàá àárọ̀."

Ó yíjú sí mi. "Aago mẹ́ta ni mo dé ọ̀dọ̀ yín."

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ wá ń ṣe?"

"Mo jẹ iyán."

A kọjá àpáta kan, a kọjá èkejì. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀ ni. Kí ni orúkọ èyí?"

"Owú ni, ọmọ mi." Mo gbọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, ó rọrùn, ó tilẹ̀ fẹ́ jọ ìfẹ́. Kì í ṣe òun. "Rárá. Ẹni tó ń jowú ń bẹ̀rù kí wọ́n má gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi jókòó, mo ń retí kí tìrẹ bàjẹ́. Ìlara ni."

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ó kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ. "Ó dàárọ̀, sà," ló ní. Kò pè mí ní Bàbá Ìwo.

Ó ti tó oṣù mélòó kan. Kò jẹ́ gbé ọ̀rọ̀ oyè kankan jáde láì kọ́kọ́ pè mí. Á béèrè ohun tí wọ́n ń pe nǹkan báyìí ní ìlú báyìí, n ó sọ fún un, á kọ ọ́ sílẹ̀, á dúpẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ń gún régé sí i, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnìkan nínú yín bá fẹ́ kọ́ ọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kó lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi. Tó bá ti dúpẹ́ tán, á pa fóònù. Èmi máa ń gbé tèmi sétí díẹ̀ sí i, bóyá yóò tún pè padà láti béèrè bí ara mi ṣe rí.